Ìwé Àwòrán fún Ọmọ Tí Bàbá Rẹ̀ Jẹ́ Ará Filipínì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ará Iloilo ní orílẹ̀-èdè Filipínì ni ọkọ mi. Nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì la ti pàdé níbí ní ìlú òyìnbó. Ọmọkùnrin wa ti pé ọdún mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń lọ sí ọdún méjì. Mò ń bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n sì ń gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ní ìhà ti bàbá wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n mọ̀. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọkọ mi tètè dé. Mo wá rò ó pé kí n máa fi ìwé àwòrán kọ́ wọn ní àṣà Filipínì. Mo ra ọ̀kan. Àsíá, máàpù àti ọkọ̀ aláràbarà ló kún inú rẹ̀. Ọmọ mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé èdè ò ní pọ̀ jù fún wọn báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú iṣẹ́ alẹ́. Ọmọ yín ò jẹ̀bi rárá. Ìwé tó kún fún àsíá àti máàpù, àlejò ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ yín kì í sì í ṣe àlejò ní Filipínì. Ilé bàbá rẹ̀ ni. Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ ọ ní Yorùbá. Ṣé àwòrán Ojúde Ọba lẹ kọ́kọ́ gbé kò ó lójú? Ẹ kọ́ ọ pé kó dọ̀bálẹ̀ bí àgbà bá wọlé, pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan, pé a kì í sọ "o" fún ẹni tó ju èèyàn lọ. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà kejì.

Bí ẹ bá mú ìwé Filipínì kan lọ́wọ́, kí ẹ tó wo bí àwòrán rẹ̀ ṣe rẹwà tó, ẹ wá ibi tí ọmọ inú rẹ̀ ti ń pe àwọn ará ilé rẹ̀. Bó bá ń pe ìyá àgbà ní Lola, tó ń pe bàbá àgbà ní Lolo, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ Ate, tí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ń jẹ́ Kuya, ẹ ti wọlé onílé nìyẹn. Bó bá ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ gbàgàdà, ọmọ òyìnbó ni wọ́n wọ̀ láṣọ ọdún, ẹ dá ìwé náà padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yan ìwé fún ilé ìkàwé ọmọdé, ọgbọ́n yìí kì í sì í sábà já mi kulẹ̀.

Ẹ óò rí i pé ilé náà ò ṣàjèjì sí yín. Àwọn náà kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ. Ìyàtọ̀ kan tó wà níbẹ̀ ni pé "ẹ̀gbọ́n" tiwa gba ọkùnrin gba obìnrin, tiwọn yà sọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Ṣáínà tó ń bá wọn ṣòwò ni wọ́n ti mú Ate àti Kuya. Nínú Tagalog, ọ̀kan lára èdè wọn, "kayo" ni wọ́n ń sọ fún èèyàn púpọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń sọ fún àgbà kan ṣoṣo, bí "ẹ" tiwa gẹ́lẹ́. "Siya" ni wọ́n ń pe ọkùnrin, òun ni wọ́n ń pe obìnrin, bíi "ó" tiwa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi máa ń sọ ọkùnrin di obìnrin bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, bíi ti àwọn màmá wa. "Araw" ni ọjọ́, "araw-araw" ni ojoojúmọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "mahal": ọjà tó bá wọ́n, mahal ni, ẹni tó bá jẹ́ ọ̀wọ́n sí wa, mahal ni. Kò sí bí màá ṣe ṣàlàyé ìyẹn fún òyìnbó tí kò ní gba ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ti gbọ́ ọ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ìkíni wọn tó ń jẹ́ mano náà ń bọ̀ nínú ìwé púpọ̀: ọmọ á gba ọwọ́ àgbà, á tẹ orí ba, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ àgbà náà kan iwájú orí ara rẹ̀. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ ò ní béèrè ìdí. Ẹ má kàn fi ọwọ́ tọ́ka sí i lójú ìwé o. Ẹ jẹ́ kó ṣe é fún bàbá rẹ̀ nígbà tó bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oorun ti ń kùn ún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ olùtà ìwé kì í sọ fún èèyàn. Iloilo lẹ pè. Èdè tó lé ní 170 ló wà ní Filipínì, èyí tí wọ́n sì ń pè ní Filipino nínú ìwé, orí Tagalog ni wọ́n gbé e kà, èdè Manila olú-ìlú wọn àti agbègbè rẹ̀. Ní Iloilo, Hiligaynon ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wọn Manong ni, obìnrin Manang. "Po" tí àwọn ará Manila fi ń bu ọ̀wọ̀ fún àgbà nínú gbogbo gbólóhùn, kò sí nínú Hiligaynon. Bí ẹ bá wá fi ìwé nìkan tọ́ ọmọ yìí, tó bá dé Iloilo, á máa bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọ Manila. Ìyá náà á gbọ́ ọ, nítorí gbogbo wọn ló kọ́ Filipino nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò rẹ̀: ká ní ọmọ ọmọ yín dé láti òkè òkun, tó wá ń fi Haúsá kí yín.

Mi ò ní kí ẹ ju ìwé Tagalog nù. Òun ló pọ̀ lọ́jà, òun lẹ óò rà. Láti ọdún 2012 títí di 2024 ni ìjọba wọn fi sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn ilé ìwé máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, Hiligaynon sì wà lára èdè méjìlá tí wọ́n kọ́kọ́ yàn, nítorí náà àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan wà ní èdè náà, àmọ́ wọn ò wọ́pọ̀ lẹ́yìn odi. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá bíi tiyín ni kí wọ́n fún ìwé kan ní ẹnu mẹ́ta. Ẹ̀yin á fi Yorùbá sọ ìtàn náà láti inú àwòrán, láìyí Lola tàbí Kuya padà. Bàbá á ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Lola á sọ ọ́ ní Hiligaynon lórí fóònù, kí ẹ ti ya àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ aago o: wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣíwájú yín nígbà òtútù, méje nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá pè é lásìkò tí àwọn ọmọ ń lọ sùn, òru dúdú lẹ óò jí i sí. Ààárọ̀ Sátidé ló dára jù. Ẹ ní kó kọ́ ọmọ náà ní "maayong aga", ẹ káàárọ̀ ni, kó sì máa pè é ní Toto bí wọ́n ṣe ń pe ọmọkùnrin kékeré níbẹ̀. Ẹ óò rí bí ojú ìyá náà ṣe máa tàn.

Ní ti pé kí èdè má pọ̀ jù: kò ní pọ̀ jù. Ọmọ á da èdè pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ Àjáṣẹ́ (Porto-Novo), ti Gun ti Yorùbá ti Faransé, kò sí èyí tó sọnù nínú wọn. Ohun tó ń pa èdè lẹ́nu ọmọ ni kí á má sọ ọ́.

Ó yá, ìwé wo gan-an? Bí ó bá jẹ́ ẹyọ ìtàn kan ni mo ní láti mú, màá mú ti ọ̀bọ àti ìjàpá. Kò sí ọmọ Filipínì tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì rí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lójú omi. Ọ̀bọ ní òkè igi ni tòun nítorí ewé ti wà lórí rẹ̀, ìjàpá gba ìdí. Ti ọ̀bọ kú, ti ìjàpá hù, ó so. Ìjàpá ò lè gùn ún, ọ̀bọ bá gun igi, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ju ẹyọ kan sílẹ̀. Ìjàpá wá lọ ri ìkarahun ìgbín tó mú ṣáṣá yí ìdí igi ká. Nígbà tí ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀ tó fara gbọgbẹ́, ó mú ìjàpá, ó ní kó yan ọ̀kan: ṣé kí òun gún un nínú odó ni àbí kí òun jù ú sómi? "Gún mi nínú odó jọ̀ọ́, omi ni mo bẹ̀rù." Ọ̀bọ bá jù ú sódò. Inú omi ni ìjàpá tiwọn ń gbé, ẹ mọ èyí tó kù.

José Rizal tí wọ́n ń pè ní akọni orílẹ̀-èdè wọn, tí àwọn ará Spéìn yìnbọn pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1896, òun ló tẹ ìtàn yìí jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1889, nínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Trübner's Oriental Record. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ rí sínú ìwé ìrántí ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ Juan Luna, ayàwòrán ńlá, nígbà tí wọ́n wà ní Paris. Nítorí ìtẹ̀jáde yẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe Ọjọ́ Ìwé Ọmọdé ní Filipínì ní Túsìdeè kẹta oṣù Keje lọ́dọọdún. Ìtàn tí ẹ óò kà fún ọmọ yín nílùú òyìnbó, ìlú òyìnbó náà ló ti kọ́kọ́ wọ ìwé, ẹ ò rí nǹkan?

Ẹ jẹ́ kó tẹ̀lé àlọ́ ìjàpá tiwa lálẹ́ kan náà. Ìjàpá tiwa, ọ̀kánjúwà ni, ẹni tó jẹ àsèjẹ tí ikùn rẹ̀ wú. Tiwọn, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni, ọgbọ́n ló fi gbẹ̀san. Ẹ bi ọmọ náà léèrè bóyá ẹnì kan náà ni wọ́n. Ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, pé èyí àbúrò ló lọ sókè òkun tó lọ ní ìwà. Mi ò rí èsì fún un títí di òní.

Àwọn ìtàn ìṣẹ̀dá kéékèèké tún wà tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbé mì láìjẹ. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Pina, ọ̀lẹ. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ní kó lọ se oúnjẹ, Pina ní òun ò rí ìgbakọ. Kò wá a, ó kàn ń béèrè. Ìyá fi ìbínú ní kí ojú hù sí i lára lẹ́gbẹ̀rún kó lè máa rí nǹkan. Ọmọ di àwátì. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan ló hù sẹ́yìn ilé, tó ní ojú káàkiri ara. Ẹ ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan sílẹ̀ kí ẹ tó ka èyí. Bakunawa náà ńkọ́, ejò ńlá inú òkun ti àwọn ará Visayas, níbi tí Iloilo wà: òṣùpá méje ló wà lójú ọ̀run tẹ́lẹ̀, ó gbé mẹ́fà mì, nígbà tó fẹ́ gbé ìkeje, gbogbo ìlú kó ìkòkò àti ìlù jáde, wọ́n pariwo títí ó fi pọ̀ ọ́. Èyí ni kí ẹ kà ní ọ̀sán. Bí ẹ bá kà á lálẹ́, ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ jọ máa gbọ́ ariwo ìkòkò.

Ilé ìtẹ̀wé tí mo lè fọkàn balẹ̀ dárúkọ ni Adarna House. Akéwì Virgilio Almario ló dá a sílẹ̀ ní 1980, ìwé rẹ̀ púpọ̀ sì máa ń gbé Filipino àti Gẹ̀ẹ́sì sójú ewé kan náà, èyí tó rọrùn fún ilé bíi tiyín. Ẹyẹ inú ìtàn ìgbà láéláé ni wọ́n fi sọ ọ́: ẹyẹ Adarna máa ń kọ orin méje, ẹni tó bá sùn lọ tí ẹyẹ náà sì yàgbẹ́ lé lórí á di òkúta. Ọmọkùnrin ọba tó kéré jù ló fi ọ̀bẹ ya ara rẹ̀, tó ń fún ọsàn kíkan sójú ọgbẹ́ kí oorun má baà gbé e. Ẹ fi ìtàn náà lódidi sílẹ̀ títí ọmọ yín á fi dàgbà díẹ̀, nítorí ìlara àwọn ẹ̀gbọ́n inú rẹ̀ le. Ẹ tún lè béèrè àwọn ìtàn Lola Basyang. Severino Reyes ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sínú ìwé ìròyìn Liwayway ní 1925, ọkùnrin tó wọ awọ ìyá arúgbó tó ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ ọmọ. Àwọn kan ti tún un kọ bí ìwé àwòrán.

Ẹnu Yorùbá ò ní ìṣòro púpọ̀ pẹ̀lú Tagalog, fáwẹ̀lì wọn mọ́ tónítóní bíi tiwa. Nǹkan méjì ló máa ń dẹ àlejò: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ báyìí, "ng", tó dá dúró, "nang" ni wọ́n ń pè é, èyí tí wọ́n kọ ní "mga", "manga" ni. Bí "ng" bá wà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bíi "ngipin", eyín, ohùn inú "mò ń kà á" ni kí ẹ lò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara, nítorí ọmọ yín dúdú, á sì máa wá ara rẹ̀ nínú àwòrán. Ìwé Filipínì mìíràn wà, pàápàá àwọn ti àtijọ́, tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ ọba inú rẹ̀ ló pupa bí òyìnbó. Àwọn náà ń bóra bíi tiwa; ọṣẹ ìbóra kún ọjà wọn. Ẹ tú ìwé wò kí ẹ tó rà á. Iwin kan sì wà tó ń jẹ́ kapre, òmìrán dúdú tó ń jókòó lórí igi ńlá, tó ń fa sìgá. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú "cafre" ti àwọn ará Spéìn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àwa ènìyàn dúdú, tí àwọn náà gbà láti inú èdè Lárúbáwá tó túmọ̀ sí kèfèrí. Ọ̀pọ̀ ará Filipínì ò mọ̀, eré ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹ̀yin mọ̀ báyìí. Mi ò ní ka kapre fún ọmọ dúdú ọlọ́dún mẹ́rin láéláé, ẹni tó bá sì fẹ́ bínú kó bínú.

Ṣùgbọ́n Panay, erékùṣù tí Iloilo wà, ní ohun mìíràn fún un. Àwọn Ati ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, èèyàn dúdú onírun kíká, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìjòyè mẹ́wàá wá láti Borneo, wọ́n fi fìlà wúrà ra ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọba àwọn Ati. Àwọn òpìtàn ò kà á sí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àlọ́ tó dùn sì ni. Ẹ má sọ fún ọmọ yín pé mọ̀lẹ́bí Yorùbá ni wọ́n, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé àwọn onílẹ̀ ìlú bàbá rẹ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé tó ń ṣàfihàn ọdún Dinagyang, tí wọ́n ń ṣe ní Iloilo lóṣù kìn-ín-ní ọdún, ẹ óò rí àwọn oníjó tó kun ara wọn dúdú láti dà bí Ati. Ọkọ yín ni kó ṣàlàyé èyí fún un, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jọ sọ ọ́ láàárín ara yín ná.

Ìwé oúnjẹ rọrùn jù, òun sì ni ọmọ yín ti mọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Cora Cooks Pancit tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 dára: àbíkẹ́yìn ilé ni Cora, wọn kì í jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ gidi ní kíṣìnì, títí ọjọ́ kan tó ku òun àti ìyá rẹ̀, tó fi aṣọ ìdáná pupa Lolo sọ́rùn. Pancit, oúnjẹ wọn tó gùn bí okùn, ni wọ́n máa ń jẹ lọ́jọ́ ìbí kí ẹ̀mí lè gùn. Ẹ má pè é ní Índómì níwájú ìyá ọkọ yín. Kí ẹ sì mọ̀ pé pancit molo ti Iloilo ò ní okùn gígùn kankan nínú, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pọ́n ẹran sí ni. Bí Lola bá se é, tí ọmọ béèrè okùn inú rẹ̀, ẹ̀rín ni.

Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń ta sungka nínú àwòrán, ẹ pa ìwé náà dé kí ẹ gbé ọpọ́n ayò jáde. Sungka ní ihò méje níhà kọ̀ọ̀kan àti ilé ńlá méjì lórí àti ìdí, ohun méje nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tiwa mẹ́fà mẹ́fà, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin. Ẹyọ owó ni wọ́n sábà máa ń fi ta á. Ọmọ ọdún mẹ́rin á kọ́ kíkà nídìí rẹ̀ ju nídìí ìwé lọ.

Àbúrò rẹ̀ ò nílò ju ìwé páálí líle kan lọ, tó ní ojú èèyàn ńláńlá nínú, àti orin bàbá rẹ̀.

Ẹ má ra ju ìwé mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé tí wọ́n kà nígbà ogún lórí ibùsùn ló ń wọ ara ọmọ. Owó ìfiránṣẹ́ láti Manila wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín kì í lọ sílé. Àwọn nọ́ọ̀sì Filipínì máa ń di páálí ńlá tí wọ́n ń pè ní balikbayan box ránṣẹ́ sílé, ẹrù tí ẹni tó ń bọ̀ gbé sì máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ fún un lówó ìwé méjì, ẹ ní kó wá ti ọ̀bọ àti ìjàpá. Tó bá dé, tí ẹ kà á, ẹ kọ̀wé sí mi kí n mọ ẹni tí ọmọ yín gbè lẹ́yìn.